Ọkàn mi ń lù bíi pé mo fẹ́ kú, dókítà sì ní kò sí nǹkan tó ṣe mí

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Igbọ́nà ló kọ̀wé sí mi. Ó ní kí n má dárúkọ òun, nítorí náà Ìyá Ìbejì ni mo máa pè é. Ohun tó kọ nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ẹni ọdún 31 ni mí, Òkè Fíà là ń gbé níbí ní Òṣogbo. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo wọ bọ́ọ̀sì, mò ń lọ ra ọjà ní Gbàgi, n'Ìbàdàn. A ò tíì dé Gbọ̀ngán tí àyà mi fi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Òógùn bò mí, èémí mi ò délẹ̀ mọ́, ọwọ́ mi méjèèjì ń ṣe yìnrìnyìnrìn. Mo ní ikú ti dé. Mo bẹ awakọ̀ kó já mi sílẹ̀. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, kí n tó débẹ̀ ó ti lọ. Wọ́n wo BP, wọ́n ṣe ECG tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n ní ọkàn mi dáa. Látìgbà yẹn, ó ti ṣe mí nínú ọjà, ó ti ṣe mí ní báǹkì, ó sì ti jí mi lóru. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá ṣubú lójú èrò. Àbúrò mi ló ń bá mi lọ Gbàgi báyìí. Ìyá ọkọ mi ní ayé ló ń bá mi jà. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa fún mi ní Lexotan, oògùn tó ń fini lọ́kàn balẹ̀, tí kò bá sí nínú báàgì mi, mi ò lè jáde. Ọkọ mi ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé mò ń ronú jù. Ṣé ọkàn mi ni? Àbí orí mi ló fẹ́ dàrú? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnira, ẹ sì kú àfaradà. Kí èèyàn máa rò fún oṣù mẹ́rin pé òun lè kú nígbàkigbà, kó tún máa tajà, kó máa tọ́jú ọmọ méjì, iṣẹ́ ńlá ni. Mi ò ní jẹ́ kí ẹ ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó rí ìdáhùn. Látorí ohun tí ẹ kọ àti àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe, kò jọ àìsàn ọkàn. Orí yín ò sì dàrú. Ohun tó jọ pé ó ń ṣe yín ni àìsàn ìjáyà, èyí tí dókítà máa ń kọ sínú fáìlì ní panic disorder. Ó wọ́pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó máa ń ṣe obìnrin tó ìlọ́po méjì ọkùnrin, ìgbà ọ̀dọ́ sí nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ó lé ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe é wò.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú bọ́ọ̀sì yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ọlọ́run dá ara èèyàn pé kó lè sá àsálà. Bí búréèkì àjàgbé bá já níbi tí ẹ dúró sí, ẹsẹ̀ yín á ti gbé yín kúrò kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọpọlọ ti ránṣẹ́, omi ara kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline ti tú jáde láti orí kíndìnrín méjèèjì, ó ti bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé itan àti apá. Èémí á yá. Òógùn á sun kí ara má bàa gbóná jù. Ikùn á dá iṣẹ́ dúró, ìdí nìyẹn tí èébì fi máa ń gbé àwọn kan. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ nínú lẹ́tà yín ló ní ìdí tirẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń sọ pé ọkàn fẹ́ dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ náà, kò sí àjàgbé kankan. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò sùn dáadáa nítorí àwọn ọmọ. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò fẹnu kan nǹkan kan kí ẹ tó wọkọ̀, tàbí kí owó ọjà tí ẹ jẹ máa jẹ yín lọ́kàn, tàbí kó jẹ́ ooru inú bọ́ọ̀sì lásán. Ọkàn yín yára díẹ̀, ẹ sì gbọ́ ọ. Ẹ ní “ikú dé”. Ìbẹ̀rù yẹn tú adrenaline mìíràn sílẹ̀, ọkàn tún yára sí i, ó wá dá yín lójú pé ikú ni lóòótọ́. Ní 1986, David Clark, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé yíyí-po yìí: ìtumọ̀ tí èèyàn fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ ló ń sọ àyà tó yára lásán di ìjáyà.

Ọwọ́ tó ń ṣe yìnrìnyìnrìn náà ò ṣe é bẹ̀rù. Ẹ rò pé afẹ́fẹ́ ò tó yín, bẹ́ẹ̀ mímí tí ẹ ń mí ló pọ̀ jù. Téèyàn bá ń mí kíákíá láìsí pé ó ń sáré tàbí pé ó ń gbẹ́rù, carbon dioxide tó yẹ kó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á jáde kọjá bó ṣe yẹ. Tí ìyẹn bá ti dín kù, òòyì á máa kọ́ni, ètè àti ìka á máa ṣe yìnrìnyìnrìn, àyà á fún pinpin. Ẹni náà á sì tún máa mí kíákíá sí i, torí ó rò pé èémí òun ò délẹ̀.

Ẹ wá fetí sí mi dáadáa níbí. Ìjáyà kì í pẹ́. Láàárín bí ìṣẹ́jú 10 sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ló máa ń le jù, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kò ní tó ìdajì wákàtí tó fi máa lọ. Adrenaline kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi máa ń pa á rẹ́. Ṣé ẹ rí i pé kí ẹ tó dé ọsibítù, ó ti lọ? Kò sẹ́ni tó gún yín lábẹ́rẹ́ lójú ọ̀nà. Ká ní ẹ jókòó sínú bọ́ọ̀sì yẹn dé Gbàgi, ìbá lọ bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ara yín dì mú lọ́jọ́ náà ni pé sísọ̀kalẹ̀ ló gbà yín. Ẹ̀kọ́ yẹn ló sọ ìjáyà ọjọ́ kan di àìsàn oṣù mẹ́rin.

Ẹni tí ejò bá bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ekòló tiyín ni bọ́ọ̀sì, ìlà báǹkì, àti ìdí ìsọ̀ nígbà tí èrò bá pọ̀. Tí ẹ bá ti yẹra fún ọ̀kan, ara á tù yín lọ́jọ́ yẹn, ìtura yẹn náà á sì jẹ́rìí pé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù á ti fẹjú sí i. Báyìí ni ibi tí èèyàn lè dé ṣe ń dín kù, títí ilé fi máa ku òun nìkan. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló dúró sí fún ọdún púpọ̀, mi ò sì fẹ́ kí tiyín dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo àwọn nǹkan kéékèèké náà: Lexotan inú báàgì, àbúrò yín tó ń lọ Gbàgi, bóyá ẹ tún ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, bóyá ẹ ń gbé omi kiri, bóyá ẹ ń fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ yín nígbà gbogbo láti mọ bí ọkàn ṣe ń lù. Ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tó ní àìsàn yìí tí kò ní tirẹ̀. Kò sí èyí tó burú fúnra rẹ̀. Ibi tó ti ń ṣèpalára ni pé lọ́jọ́ tí ẹ bá jáde tí ẹ sì padà sílé láyọ̀, oògùn inú báàgì lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe é.

Ẹ ní ẹ̀rù ń bà yín pé ẹ máa ṣubú lójú èrò. Kí èèyàn tó dákú, BP rẹ̀ ló sábà máa ń wálẹ̀. Nínú ìjáyà, gígòkè ló ń gòkè. Ìdí nìyẹn tí òòyì fi lè kọ́ yín gan-an kí ẹ má sì ṣubú. (Àwọn tó máa ń dákú tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ti yín.) Ìgbà tó bá ń ṣe yín bíi pé ẹ ò sí níbẹ̀, tí gbogbo nǹkan dà bí ojú àlá, àmì ìjáyà lòun náà. Àìsàn ìjáyà kì í di wèrè, bó ti wù kó pẹ́ tó lára èèyàn.

Ti òru yẹn náà ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìjáyà lè jíni lójú oorun láìlá àlá kankan: ẹ á dìde jókòó fìrí, ọkàn á máa lù. Ó yàtọ̀ sí èyí tí àwọn kan ń pè ní ogun òru, tí ojú á là sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ àti apá ò ní lè gbéra, tí ẹni náà á máa rò pé nǹkan jókòó lé òun láyà. Àwọn méjèèjì kì í pani. Bó bá jí yín, ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ jẹ́ kó kọjá, kí ẹ padà sùn. Kò pọn dandan kí ẹ jí gbogbo ilé.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ìyá ọkọ yín sọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ìfẹ́ ló mú wọn wí bẹ́ẹ̀. Bí àdúrà bá ń fi yín lọ́kàn balẹ̀, ẹ má fi àdúrà sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo, tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ nínú abúlé ní Aró, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ó sì jẹ́ kí àwọn ará ilé máa gbé pẹ̀lú ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ má lọ sí ọsibítù, tàbí kó ní kí ẹ gbààwẹ̀ gbígbẹ lọ́jọ́ lé ọjọ́, nígbà tí ebi fúnra rẹ̀ lè mú kí ara máa gbọ̀n, kí ọkàn máa lù. Èyí tó ń dùn mí jù ni kí wọ́n dárúkọ ẹnì kan nínú ẹbí fún yín pé òun ni ọ̀tá. Ara tó ti ń ṣọ́ ewu kiri tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún wá fi ojú ènìyàn hàn án pé kó máa ṣọ́ ọ nínú ilé ara rẹ̀, ìgbà wo ló máa sinmi?

Ó ku àyẹ̀wò díẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Kí wọ́n wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ yín kéré, pàápàá bí nǹkan oṣù yín bá máa ń pọ̀. Kí wọ́n wo ṣúgà. Kí wọ́n sì wo thyroid, èyí tó wà lọ́fun tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, nítorí tó bá ń ṣiṣẹ́ jù, á máa mú kí ọkàn sáré kí ọwọ́ sì máa gbọ̀n. Ẹ dín kọfí, obì àti àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára kù; káféènì inú wọn lè ta ìjáyà jí. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí ẹ bá ń gbẹ́rù ni àyà máa ń dùn yín, tí ìrora náà ń lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí ẹ bá dákú lóòótọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi dúró sílé. Ọsibítù ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà.

Ìtọ́jú tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù fún àìsàn yìí ni ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ìdánrawò, èyí tí à ń pè ní CBT. Nínú yàrá mi, lẹ́yìn tí ó bá ti dájú pé ọkàn dáa, tí ẹni náà ò ní ikọ́ fée (asthma) tàbí wárápá, tí kò sì lóyún, mo máa ń ní kó dìde, kó mí kíákíá láti ẹnu fún ìṣẹ́jú kan. Ọkàn á lù, òòyì á kọ́ ọ, ìka rẹ̀ á máa ṣe yìnrìnyìnrìn. A jọ máa jókòó. Kò ní mu omi, kò ní di nǹkan kan mú, a ó kàn máa wo aago ara ògiri. Àwọn kan á yíjú sí mi, wọ́n á ní, “Dókítà, ohun tó máa ń ṣe mí gan-an nìyí!” Òun náà ni. Ohun téèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà wá, tó jókòó tó sì rí i tó lọ, agbára rẹ̀ ti dín kù nìyẹn. Ẹ má dá èyí ṣe nílé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó bá yín ṣe é lákọ̀ọ́kọ́.

Ní ti ọkọ̀, láti orí èyí tó rọrùn jù la ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè kọ́kọ́ lọ sí gáréèjì, kí ẹ wọ Micra tí kò tíì kún, kí ẹ jókòó sí àárín, kí ẹ san owó ìjókòó fún awakọ̀, kí ẹ má sì lọ síbì kankan. Ó lè dà bí ohun ẹ̀rín lójú ẹlòmíràn, ẹ má dá wọn lóhùn. Tí ìyẹn bá ti sú yín, ẹ wọ kòròpé láti Òkè Fíà dé Ọláìyá. Lẹ́yìn náà Ẹdẹ, kí ẹ sì padà. Lẹ́yìn náà Gbọ̀ngán, ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, kí ẹ ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìkirè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Gbàgi kàn. Níbi tí ìjáyà bá ti dé bá yín, ẹ má sọ̀kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ nínú ara yín pé, “Mo mọ̀ ọ́, o ò ní pẹ́,” kí ẹ jẹ́ kó ga, kó wálẹ̀. Àwọn àgbà ní àyà níní ju oògùn lọ. Kí ẹ̀rù máa bà yín kí ẹ sì ṣì wà lórí ìjókòó yín, àyà tí mò ń wí nìyẹn. Ọjọ́ kan á wà tó máa tún le lẹ́yìn tí ẹ ti rò pé ó tán. Ẹ tún ibi tí ẹ wà ṣe, ẹ ò padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, nǹkan bí oṣù mẹ́ta ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ti máa ń mú ìyàtọ̀ ńlá wá. Bí ọjà bá ń kán yín lójú, kí àbúrò yín ṣì máa lọ, ṣùgbọ́n kí ẹ bá a wọkọ̀ dé ibi tí ipele yín bá dé, kí ẹ sì dá padà wálé.

Mímí náà wúlò. Ní àárọ̀ àti lálẹ́, nígbà tí ara yín balẹ̀, ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ wọlé bí ẹ ṣe ń ka 1 dé 4 jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ikùn yọ síta, kí ẹ sì mí i sóde bí ẹ ṣe ń ka 1 dé 6. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ di Lexotan kejì. Bí ẹ bá ń fi mímí lé ìjáyà lọ, ẹ ṣì ń sá fún un ni. Ẹ mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ẹ lè dúró tì í. Mo sì bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rá bò yín nímú pé kí ẹ máa mí sínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn àtijọ́ ni, ó sì léwu.

Ó wá ku Lexotan fúnra rẹ̀. Bromazepam ló wà nínú rẹ̀, ó wà nínú àwọn oògùn tí ara tètè ń mọ́ lọ́wọ́. Ó ń yára pa ìjáyà, òótọ́ ni, ibẹ̀ náà sì ni ewu rẹ̀ wà: iye tó ń ràn yín lọ́wọ́ lónìí lè má tó mọ́ láìpẹ́, tí ẹ bá sì já a sílẹ̀ lójijì, àyà jíjá, àìsùn àti ara gbígbọ̀n á padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ń lò ó, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Dókítà ló máa bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì fi ọtí, tramadol tàbí kodéènì kún un láé. Oògùn tó yẹ àìsàn yìí bí ó bá gba oògùn ni irú sertraline tàbí escitalopram. Wọn kì í mọ́ra bí Lexotan, ṣùgbọ́n ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kí èèyàn tó rí iṣẹ́ wọn dáadáa. Ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ara lè má lélẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dà á nù. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n kékeré. Tí ara bá sì yá, a kì í dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń tó oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín in.

Ẹ lè lọ sí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ní UNIOSUN Teaching Hospital níbí ní Òṣogbo, tàbí ti OAUTHC, ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀ tí ẹ ò bá fẹ́ kí ojúlùmọ̀ rí yín. Mo mọ ohun tó ń wá sọ́kàn àwọn èèyàn wa tí wọ́n bá gbọ́ ẹ̀ka yẹn. Kò sẹ́ni tó máa de ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀. Ìjókòó àti ọ̀rọ̀ sísọ ni, ẹ ó sì padà lọ ṣí ìsọ̀ yín. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní Oṣù Kìíní 2023 ti rọ́pò òfin 1958 tó kó gbogbo aláìsàn ọpọlọ pọ̀ sábẹ́ orúkọ wèrè. Nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 2006, ọ̀wọ́ àìsàn ìbẹ̀rù àti àníyàn, tí àìsàn ìjáyà jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n yẹ̀ wò, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tó ní àìsàn ló sì rí ìtọ́jú gbà. Bí ẹ bá dé iwájú dókítà, tí ìrònú pé ó sàn kí ẹ má sí láyé mọ́ bá ti ń wá sí yín lọ́kàn, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bi yín.

Kí Bàbá Ìbejì náà ka èyí. Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó yín kì í ṣe onírònú àjù, kò sì lè gbàgbé ohun tó ń ṣe é nínú ara. Tó bá dé sí i lójú yín, ẹ má pariwo, ẹ má gbé e sáré lọ sí ọsibítù ní gbogbo ìgbà báyìí tí àyẹ̀wò ti dáa. Ẹ jókòó tì í, ẹ ní, “Ìjáyà yẹn ni, ó máa kọjá, mo wà níbí,” kí ẹ sì jẹ́ kó parí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lọ jókòó sínú ọkọ̀ ní gáréèjì, ẹ bá a mú àwọn ọmọ. Ọjọ́ tí ẹ bá sì ń lọ rí dókítà, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ. Ẹ mú èsì ECG dání, kí ẹ kọ gbogbo ìgbà tó ti ṣe é àti ibi tó ti ṣe é sórí ìwé kan, kí ẹ sì mú páálí Lexotan náà lọ́wọ́, kí dókítà lè rí iye mìlígírámù tó wà lára rẹ̀ àti iye tó ti lò.